Gìtá Bàbá Kékeré: Ìtàn Tó Wà Nínú Wáyà Àtijọ́

  Ìtàn tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti ọba, kì í sì í ṣe ti ogun. Ìtàn gìtá ni. Ẹ fara balẹ̀ kà á, nítorí ó ṣeé ṣe kí irú rẹ̀ wà lórí àjà ilé tiyín.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, àwọn ọmọ ilé wa ń kó ẹrù àtijọ́ sílẹ̀ láti orí àjà. Láàrin àwọn àpò òfìfo àti àga tó ti ṣẹ́ ni wọ́n ti fa gìtá oníná kan jáde. Àbúrò bàbá mi ló ni ín. Bàbá Kékeré ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Eku ti jẹ àpò rẹ̀, okùn mẹ́ta péré ló kù lára rẹ̀, gbogbo irin rẹ̀ sì ti dípẹtà. Ẹnì kan nínú ilé ní ká tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Òmíràn ní ká fún àwọn ọmọdé kí wọ́n máa fi ṣeré.

Mo gbé e lọ bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún rédíò àti ámpílì ṣe. Ó tú ẹ̀yìn rẹ̀, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Mẹ́tírì, ẹ jẹ́ kí n já gbogbo wáyà yìí dànù. Ìdọ̀tí ni. N óò fi tuntun sí i, yóò dún bí ti ọjà.” Mo ní kó dúró ná. Ìdí tí mo fi ní kó dúró ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ibo ni gìtá oníná ti wá?

Kí iná tó wọ inú gìtá, wàhálà kan ni àwọn onígìtá ní: ohùn rẹ̀ kéré. Bí fèrè àti ìlù bá ti bẹ̀rẹ̀ nínú ijó, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ gìtá mọ́. Ní Los Angeles, ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin olórin kan tó ń jẹ́ George Beauchamp wá ọ̀nà àbáyọ. Òun àti Adolph Rickenbacker ṣe gìtá oníná tó kọ́kọ́ lọ sọ́jà ní tòótọ́, ní ọdún 1932. Alumíníọ́mù ni wọ́n fi rọ ọ́. Ó rí róbótó, ọrùn rẹ̀ sì gùn, ni àwọn ènìyàn bá ń pè é ní páànù ìdín-ǹkan. Orí itan ni wọ́n ń gbé e sí, irin ni wọ́n sì ń fi yọ̀ lórí okùn rẹ̀. Ọdún 1937 ni ìjọba Amẹ́ríkà tó fún Beauchamp ní ìwé ẹ̀rí pé òun ló ni ọgbọ́n náà.

Ọgbọ́n wo ni? Ẹ wo ìsàlẹ̀ okùn gìtá oníná yòówù, ẹ ó rí nǹkan gbọọrọ kan tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní míkíró. Òòfà ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n wá ká wáyà bàbà tín-ínrín yí òòfà náà ká, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Irin ni okùn gìtá oníná. Bí irin bá gbọ̀n níwájú òòfà, agbára òòfà náà a máa yí padà, ìyípadà yẹn a sì bí iná kékeré nínú wáyà tí a ká. Iná kékeré yìí ni yóò gba inú okùn lọ sínú ámpílì, ámpílì yóò sọ ọ́ di ńlá, a ó sì gbọ́ ọ.

Ohun tí púpọ̀ nínú wa kò mọ̀ nìyí: gìtá oníná kì í gba iná láti ara ògiri. Òun fúnra rẹ̀ ló ń bí iná tirẹ̀ láti ọwọ́ ẹni tó ń ta á. Ìdí nìyí tí okùn ọ̀rá kò fi lè dún nínú irú míkíró bẹ́ẹ̀. Òòfà kò mọ ọ̀rá.

Lẹ́yìn Rickenbacker ni Leo Fender dé. Àtúnrédíò-ṣe ni ọkùnrin yìí, kò sì mọ gìtá ta. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ wúlò. Ó mọ̀ pé ohun gbogbo yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, nítorí náà ó ṣe gìtá tí ènìyàn lè fi tọ́nọ́vísì tú. Fíìsì mẹ́rin ló so ọrùn mọ́ ara. Bí ọrùn bá wọ́, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi òmíràn sí i. Gìtá Telecaster rẹ̀ jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Stratocaster sì tẹ̀lé e ní 1954. Ilé iṣẹ́ Gibson náà gbé Les Paul jáde ní 1952.

Ṣùgbọ́n míkíró olówáyà kan ní àléébù: kì í ṣe okùn nìkan ló ń gbọ́. Ó ń gbọ́ iná inú ògiri, ó ń gbọ́ gílóòbù, a sì máa kùn bí oyin. Seth Lover, ẹni tó ń bá Gibson ṣiṣẹ́, ló wá oògùn rẹ̀. Ó fi míkíró méjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ìbejì, ó sì yí òòfà àti wáyà ọ̀kan lódì sí ti èkejì. Bí ariwo iná bá dé, ohun tí Táíwò sọ ni Kẹ́hìndé yóò já, ariwo á pa rẹ́. Ṣùgbọ́n bí okùn bá dún, àwọn méjèèjì á sọ ohun kan náà. Láti ọdún 1957 ni Gibson ti ń fi í sínú gìtá wọn.

Bí ó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa

Èkó ni ilẹ̀kùn tó gbà wọlé fún àwa Yorùbá. Àwọn olórin jùjú ti ń ta gìtá àti báńjò láti àwọn ọdún 1930, nígbà Túndé King, ṣùgbọ́n ìlù wẹ́wẹ́ díẹ̀ ni wọ́n lè fi sí i, kí ohùn gìtá má baà kú. Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè bẹ̀rẹ̀ sí í lo gìtá tó ní ámpílì. Láàrin àkókò yẹn kan náà ni gángan wọ inú jùjú. Ẹ jẹ́ ká ronú sí i. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀rọ òyìnbó ló lé ìlù wa lọ, kó wo jùjú. Nígbà tí iná gbé ohùn gìtá sókè ni àyè tó ṣí fún gángan, fún ìlù púpọ̀ sí i, kí gbogbo wọn jọ máa sọ̀rọ̀ láìsí pé ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Ebenezer Obey àti King Sunny Adé gba ìlú kan, gìtá inú ẹgbẹ́ kan ti di mẹ́ta, mẹ́rin, ó ń pọ̀ sí i. Àwo orin tí Sunny Adé ṣe fún ilé iṣẹ́ Island ní 1982 gbé gìtá onírin tí Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù ń ta dé etí gbogbo ayé. Irú gìtá tí a ń fi irin yọ̀ lójú okùn ni. Ọmọ ìyá páànù Beauchamp ni.

Ní ìhà tiwa ńkọ́? Ní Kútọnu, Mélomé Clément dá ẹgbẹ́ Poly-Rythmo sílẹ̀ ní 1968. Papillon ló ń ta gìtá fún wọn, ẹni tó bá sì ti gbọ́ ọwọ́ rẹ̀ rí kò ní gbàgbé. El Rego wà níbẹ̀, Gnonnas Pedro wà níbẹ̀. Ìlé iṣẹ́ Albarika Store ti Adissa Seidou ló tẹ ọ̀pọ̀ àwo Poly-Rythmo, Èkó ni wọ́n sì ti máa ń lọ gbà á sílẹ̀, nílé iṣẹ́ EMI. Ẹ rí i pé ààlà tí òyìnbó fà kò dí orin lọ́nà. Ojú ọ̀nà tí ata àti aṣọ ń gbà ni gìtá àti àwo orin ń gbà.

Gìtá Amẹ́ríkà wọ́n. Kì í ṣe gbogbo ẹgbẹ́ olórin tó wà ní ìlú kékeré ló lè rí Fender rà. Ohun tí ọ̀pọ̀ rí rà ni gìtá Japan, irú Teisco àti Guyatone, tàbí ti Yúróòpù, irú Eko ti Ítálì, Framus àti Höfner ti Jámánì. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ilé iṣẹ́ Japan ń ṣe gìtá tí kò wọ́n ránṣẹ́ sí gbogbo ayé. Nígbà mìíràn, orúkọ oníṣòwò tó rà á ni wọ́n máa ń kọ sí i lórí. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọn kì í kọ orúkọ kankan.

Irú èyí tí kò lórúkọ yìí ni ti Bàbá Kékeré. Míkíró méjì, bọ́tìnì méjì, àti irin pẹlẹbẹ kan lẹ́yìn ọrùn rẹ̀ tí wọ́n tẹ “Japan” sí.

Ohun tí a rí nínú ikùn rẹ̀

Ìdí tí mo fi ní kí ọmọkùnrin yẹn dúró ni pé wáyà inú gìtá àtijọ́ dà bí ìwé. Ẹni tó bá já a dànù kí ó tó kà á ti sun ìwé.

Nínú gìtá Amẹ́ríkà, fún àpẹẹrẹ, ẹ̀yìn irin kékeré tí bọ́tìnì ohùn ń yí máa ń ní nọ́ńbà. Bí ẹ bá rí 1376633, 137 ni àmì ilé iṣẹ́ CTS tó ṣe é, 66 ni ọdún 1966, 33 sì ni ọ̀sẹ̀ kẹtàlélọ́gbọ̀n ọdún náà. Bí kò bá sí ẹni tó ti pààrọ̀ rẹ̀, a mọ̀ pé gìtá náà kò lè dàgbà ju ọ̀sẹ̀ yẹn lọ. Ẹni tó bá ju irin kékeré yìí nù nítorí pé ó dọ̀tí ti ju ìwé ìbí gìtá náà nù.

Gìtá tiwa kò ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò tí wọ́n gbẹ́ fún wáyà, a rí ohun tí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ sára igi: Porto-Novo, Dahomey, 74. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1975 ni ìjọba Kérékou yí orúkọ Dahomey padà sí Bénin. Orúkọ orílẹ̀-èdè tí a jogún tí a sì ti fi sílẹ̀ ṣì wà nínú ikùn igi yẹn, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́.

A tún rí wáyà pupa kan tó nípọn, tí kò jọ àwọn yòókù, àti kọ̀ǹdẹ́ńsátọ̀ ńlá kan tó jọ ti rédíò. Ọmọkùnrin wa ní, “Ẹ rí i, ẹnì kan ti ba iṣẹ́ Japan jẹ́ níbí.” Mo ní ká lọ bi ẹni tó ni í.

Bàbá Kékeré ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún báyìí. Bí mo ṣe dárúkọ wáyà pupa, ojú wọn là. Wọ́n ní 1971 ni àwọn ra gìtá náà ní Èkó, lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó. Ọdún kẹta, bí àwọn ṣe ń ta á lóde ìsìnkú kan, ohùn rẹ̀ gé. Wọ́n gbé e tọ atúnrédíò-ṣe kan lọ ní Àjàṣẹ́. Kò rí gìtá oníná tú rí. Ó jókòó tì í láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ó ń fi ìka tọ wáyà kọ̀ọ̀kan lọ, ó yọ kọ̀ǹdẹ́ńsátọ̀ lára rédíò tó ti kú, ó fà wáyà pupa wọlé. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni gìtá padà sóde. Bàbá ní, “Kò gba ju owó oúnjẹ lọ lọ́wọ́ mi. Ó ní ẹ̀kọ́ tí òun kọ́ lára rẹ̀ ti tó.”

Ṣé ẹ rí ohun tí ìbá ti sọnù? Ọkùnrin yẹn kò fi ìwé kankan sílẹ̀. Wáyà pupa yẹn ni ìwé rẹ̀.

Bí a ṣe tún un ṣe

Fún àwọn tó bá ní irú rẹ̀ nílé, ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ṣe é.

Àkọ́kọ́, a ya fọ́tò gbogbo wáyà kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, a sì yà á sórí ìwé: wáyà yìí ti ibí lọ sí ibẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú kó tó yà á yóò sunkún.

Èkejì, a fi mítà wọn míkíró méjèèjì. Irú míkíró bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fi bíi ẹgbẹ̀rún mẹ́rin sí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ óòmù hàn. Ọ̀kan dára. Èkejì kò fi nǹkan kan hàn, èyí tó túmọ̀ sí pé wáyà ti já níbì kan. Ọmọkùnrin wa ní kí a jù ú nù. Ṣùgbọ́n wáyà inú míkíró tín-ínrín gan-an. Nínú ti Fender, ó tó bíi ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà, ó tó bí irun orí, a sì máa ń ká a ní bíi ẹgbẹ̀rún méje àbọ̀ sí mẹ́jọ ìgbà. Ibi tó sábà máa ń já ni òpin rẹ̀, níbi tí wọ́n ti so ó mọ́ wáyà ńlá, nítorí ibẹ̀ ni òógùn àti ọ̀rinrin ti ń kọ́kọ́ dé. A wò ó pẹ̀lú awò asọǹkandiǹlá. Ibẹ̀ náà ni. A tú ìká kan péré, a ha ọ̀dà orí rẹ̀ díẹ̀, a súdé rẹ̀ padà. Mítà sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n fẹ́ jù sí àkìtàn ti jí.

Ẹ̀kẹta, bọ́tìnì ohùn. Bí ẹ bá yí i tó ń ha bí ẹni ń ya àpò sìmẹ́ńtì, ìdọ̀tí ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ má da epo òyìnbó sí i, ẹ má sì da òróró sí i, nítorí ọ̀rá yóò mú eruku mọ́lẹ̀. Oògùn àfọ́n tí wọ́n ṣe fún ohun èlò iná ni kí ẹ lò, kí ẹ wá yí i lọ yí i bọ̀ nígbà ogún.

Ẹ̀kẹrin, iṣẹ́ súdé. Irin súdé gbọ́dọ̀ gbóná dáadáa, kí ó sì kúrò kíákíá. Irin tó tutù ló ń pẹ́ lójú iṣẹ́, pípẹ́ yẹn ló sì ń jó nǹkan. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ má fa èéfín rẹ̀ símú, ẹ sì fọwọ́ yín kí ẹ tó jẹun, nítorí òjé wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tó ṣe pàtàkì jù fún ẹ̀mí ènìyàn. Nínú gìtá, wáyà kan máa ń so irin tí okùn jókòó lé mọ́ wáyà ilẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ariwo dínkù nígbà tí a bá fọwọ́ kan okùn. Ṣùgbọ́n ìyẹn túmọ̀ sí pé ara onígìtá ti so mọ́ ámpílì. Bí ámpílì bá bàjẹ́ nínú, tí ilé kò sì ní wáyà ilẹ̀ tó dára, iná ògiri lè gba okùn gìtá wọ ara ẹni tó ń ta á, pàápàá tó bá fẹnu kan míkíró ìkọrin. Ní oṣù karùn-ún 1972, Les Harvey, onígìtá ẹgbẹ́ Stone the Crows, kú lórí pèpéle ní Swansea, ní ìlú Wales, nítorí irú iná bẹ́ẹ̀. Bàbá Kékeré náà ní iná ta àwọn ṣubú lẹ́ẹ̀kan lóde ijó. Nítorí náà, kí ẹ tó tún gìtá ṣe, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wo ámpílì àti iná ilé. Ẹ sì rántí pé ámpílì tó bá wá láti Amẹ́ríkà, 120 fóòtù ló mọ̀. Bí ẹ bá kì í bọ inú 220 wa láìsí ẹ̀rọ tó ń dín iná kù, èéfín ni ẹ ó rí.

Ní ti kọ̀ǹdẹ́ńsátọ̀ rédíò yẹn, a wọ̀n ọ́n, ó ṣì dára, a fi í sílẹ̀. Wáyà pupa náà, a fi í sílẹ̀. Wáyà méjì tí èèpo wọn ti fọ́ ni a pààrọ̀, a sì kó èyí tí a yọ sínú àpò lẹ́tà, a kọ ọjọ́ sí i, a fi í pa mọ́ sínú àpótí gìtá.

Àríyànjiyàn tó wà níbẹ̀

Àwọn kan yóò sọ pé gìtá tí a tún ṣe gbọ́dọ̀ padà sí bó ṣe rí lọ́jọ́ tó kúrò nílé iṣẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń ra gìtá àtijọ́ lówó ńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Èmi kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí a bá dá gìtá Bàbá Kékeré padà sí bó ṣe rí ní Japan, a ti pa gbogbo ọdún tó lò láàrin Èkó àti Àjàṣẹ́ rẹ́. Japan ló bí i, àwa la tọ́ ọ. Iṣẹ́ atúnrédíò-ṣe yẹn kì í ṣe ìbàjẹ́. Leo Fender pàápàá, atúnrédíò-ṣe ni.

Ọmọkùnrin wa gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, ó dákẹ́, ó wá mú pẹ́ńsù. Lábẹ́ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ kọ, ó kọ ọdún tiwa àti orúkọ ìlú tiwa sí i.

Nígbà tí a gbé gìtá dé iwájú Bàbá Kékeré, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi wá ni pé, “Ṣé ẹ kò yọ wáyà pupa yẹn?” Mo ní, “Rárá o, Bàbá, ó wà níbẹ̀.” Ìka wọn ti le, wọn kò lè ta á bí i ti àtijọ́. Ohùn mẹ́rin péré ni wọ́n ń ta, wọ́n ń tún un ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ ń ṣeré: ẹni tó ń lu ìlù, ẹni tó ń fọn fèrè, ẹni tó ń gbé ámpílì sórí kẹ̀kẹ́. Mo kọ orúkọ márùn-ún sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Mẹ́rin ti kú nínú wọn. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò gbọ́ orúkọ wọn rí.

Gnonnas Pedro ti lọ ní 2004, Mélomé Clément ti lọ ní 2012. Àwọn wọ̀nyẹn ní àwo orin tó ń sọ̀rọ̀ fún wọn. Àwọn tó ta gìtá ní Pobẹ̀, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀, lóde ìsìnkú àti ìgbéyàwó, tí ẹnikẹ́ni kò gba ohùn wọn sílẹ̀, kí ló ń sọ̀rọ̀ fún wọn? Gìtá orí àjà ni, àti ẹnu àwọn tó ṣẹ́ kù.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ ni mo bẹ̀ yín. Ẹ gun àjà. Bí ẹ bá rí gìtá, ámpílì tàbí àwo orin, ẹ má tà á ní owó irin àlòkù. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ ya inú rẹ̀, kí ẹ sì jókòó ti ẹni tó ni í nígbà tó ṣì lè dáhùn. Ẹ bi í ní ibi tó ti rà á, ẹni tó tún un ṣe, àti orúkọ àwọn tí wọ́n jọ ṣeré. Ẹ kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa kà á.